Bí A Ṣe Ń Gbé Ẹ̀dà Alpha Àkọ́kọ́ Láíbìrì Fídíò àti Ohùn Jáde

Ẹ̀dà alpha ni ẹ̀dà tí a mọ̀ pé kò tíì pé, tí a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí wọ́n lè bá wa rí ibi tó ti ń jò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ kóòdù ló ń ṣì í gbé. Ẹlòmíràn a fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún méjì, a ní òun kò ní jẹ́ kí ojú kan rí i àfi tó bá dán gbinrin. Ẹlòmíràn a sì da ohun tí kò tíì ṣeé compile (ìyẹn, láti yí kóòdù padà sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé) sí gbangba, a pè é ní alpha. Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni èyí tí àwa mẹ́ta tọ̀, nínú yàrá kan tí a jọ háyà ní Yábàá, lẹ́bàá òpópónà Herbert Macaulay. Èdè C ni a fi kọ láíbìrì wa: ó ń ṣí fáìlì fídíò tàbí ohùn, ó ń tú u, ó sì ń gbé àwòrán àti ìró inú rẹ̀ fún áàpù tó bá pè é. Nínú àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, màá máa pè é ní libgangan. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń kọ áàpù ló mọ̀ ọ́n, àwọn gan-an ni a sì ń gbé alpha jáde fún.

Ẹ kọ́kọ́ dín ẹrù kù

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ ohun tí ẹ̀dà yìí yóò lè ṣe sílẹ̀ ní ìlà márùn-ún péré, kí ẹ sì yọ gbogbo ohun tí kò bá sí nínú ìlà márùn-ún náà kúrò. Àwa mú irú fáìlì mẹ́ta: Opus àti FLAC fún ohùn, MPEG-1 fún fídíò. A mú Opus nítorí pé ó ń gba ààyè díẹ̀, àwọn tó ṣe é kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé ìlànà RFC 6716 lọ́dún 2012. A mú FLAC nítorí pé kì í sọ ìró kankan nù, èyí tó mú kí ó dára púpọ̀ fún yíyẹ iṣẹ́ wò: ohun tó wọlé àti ohun tó jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba, bíìtì kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ MPEG-1 yóò béèrè ohun tí a fẹ́ fi nǹkan àtijọ́ ṣe. Ìdáhùn wà ní Ìdúmọ̀tà. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí wọ́n tà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ jẹ́ ti VCD, MPEG-1 sì ni VCD: àwòrán 352×288, márùndínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú ìró tí a wọn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Àwọn awo wọ̀nyẹn ń ha, wọ́n ń fọ́, ẹ̀rọ tó ń lù wọ́n sì ti ń tán nílé. Ohun tó kàn yín gan-an ni kí ẹ fi sínú alpha, kì í ṣe ohun tó gbayì lóde.

Ẹ tún àwọn function yín tò kí ẹlòmíràn tó mọ orúkọ wọn

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé inú kóòdù lè dọ̀tí lónìí kí ẹ tún un ṣe lọ́la láìsí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n fáìlì header, níbi tí orúkọ àwọn function (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí láíbìrì lè ṣe) tí ẹlòmíràn yóò máa pè wà, ni gbogbo ayé yóò kọ́ ilé lé. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kan náà sí iwájú gbogbo function, bíi gangan_open àti gangan_close, kí orúkọ yín má baà kọlu ti láíbìrì mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí áàpù rí ohun tó wà nínú struct yín, ìyẹn àpótí tí ẹ kó dátà sí. Ẹ fún un ní pointer nìkan, ìyẹn àdírẹ́sì àpótí náà nínú mẹ́mórì, kí ẹ lè yí inú rẹ̀ padà ní alpha kejì láìba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ fi function kan sí i tí yóò máa sọ nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ, nítorí ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá kì í sábà mọ èyí tó ń lò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àkókò, èyí tí a fi orí gbá ògiri lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń ka àkókò, a sì ń fi odindi nọ́ńbà kọ ọ́. Ó jọ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ìdì ìró kọ̀ọ̀kan nínú VCD ní òṣùwọ̀n 1,152 (òṣùwọ̀n kan ni ìgbà kan tí a wọn ìró), tí ẹ bá sì pín 1,152 sí 44,100, ẹ ó rí ìdá ẹgbẹ̀rún 26 àti díẹ̀, díẹ̀ náà sì jẹ́ nǹkan bíi 0.12. A gé díẹ̀ yẹn sọnù. Ìdì méjìdínlógójì ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, bí fíìmù bá fi máa pé wákàtí kan, aago inú láíbìrì wa ti rẹ̀yìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17, àwòrán tó ń tẹ̀ lé aago náà sì ti rẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀. A fi fíìmù kan dán an wò: ìró ìgbátí ti dún, ẹkún ti bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àga ni. A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni a kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ máa ka òṣùwọ̀n ìró fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà bíìtì 64, kí ẹ sì kọ ìdá tí òṣùwọ̀n kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn 1/44100 tàbí 1/48000. Kí áàpù tó fẹ́ ìṣẹ́jú àáyá lọ ṣe ìsirò rẹ̀ ní òpin, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní a ti gbé header àkọ́kọ́ yẹn jáde bí ó ti wà ni, gbogbo áàpù tó bá lò ó ni ì bá tún kóòdù rẹ̀ kọ.

Ìwé àṣẹ

Kóòdù tí kò ní ìwé àṣẹ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, bó tilẹ̀ wà ní gbangba. Ní Nàìjíríà bíi ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ tí o bá ṣe jẹ́ tìrẹ láti ìgbà tí o ti kọ ọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi kankan. Ẹni tó bá lò ó láìgba àṣẹ ti rú òfin. Nítorí náà, ẹ fi fáìlì LICENSE sí i kí ẹ tó gbé e jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó bá tún láíbìrì yín ṣe, tó sì pín in fún aráyé, fi àtúnṣe náà hàn, ìwé àṣẹ LGPL 2.1 tí FFmpeg, láíbìrì fídíò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ń lò bá yín mu. Tí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn fún gbogbo ènìyàn pátápátá, ẹ wo MIT tàbí zlib. SDL tí ọ̀pọ̀ géèmù ń lò kúrò lórí LGPL bọ́ sórí zlib nígbà tí SDL 2.0 jáde ní 2013.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan èyí tó wù yín, ẹ yẹ ti àwọn tí ẹ gbára lé wò. FFmpeg fúnra rẹ̀ di ti GPL, ìwé àṣẹ tó le ju LGPL lọ, bí ẹni tó compile rẹ̀ bá fi --enable-gpl sí i, bó bá sì jẹ́ --enable-nonfree ló lò, kò gbọdọ̀ pín ohun tó jáde níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tó ṣe èyí láìmọ̀, nítorí pé ó da àṣẹ tí a ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kọ láti ojú ìwé kan tó rí. Ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì náà tún wà lọ́tọ̀: ètò tí wọ́n fi ń gba owó àṣẹ lórí MP3 parí ní 2017, àwọn tó ṣe Opus àti FLAC kò béèrè owó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi H.264, irú fídíò mìíràn, sínú alpha àkọ́kọ́ láìtíì ka ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀ ní àwọn ibi tí ẹ fẹ́ kó dé.

Àwọn fáìlì ìdánwò

Ẹ má ṣe gé fíìmù ẹlẹ́ni sínú fódà ìdánwò yín, ì báà ṣe ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. A háyà onílù kan, ó lu gángan àti agogo fún wa fún ìdajì wákàtí, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé a lè fi ohùn náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ CC0. Ìlù wúlò ju ohùn ènìyàn lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé a mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Orí fáìlì Opus ní nọ́ńbà kan tó ń sọ iye òṣùwọ̀n tí ẹni tó ń tú u gbọ́dọ̀ jù nù ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ yóò ṣì dára létí, ṣùgbọ́n agogo àkọ́kọ́ yóò pẹ́ kó tó dún, ẹ ó sì rí i bí ẹ bá fi í wé FLAC tí a kọ́kọ́ gbà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífò sí àárín orin: ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú Opus láti ìdá ẹgbẹ̀rún 80 ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú ibi tí ẹ ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gángan yóò kọ́kọ́ kólòlò.

Ẹ fún àwọn fáìlì náà ní orúkọ Yorùbá, kí ẹ sì fi àmì sí i dáadáa. Kì í ṣe fáàrí. Ẹ mú Ọ̀ṣun.flac. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún Ọ̀. A lè kọ ọ́ bí Ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lẹ́yìn rẹ̀, a sì lè kọ ọ́ bí O lásán, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Bááìtì márùn-ún ni ọ̀nà méjèèjì gbà nínú UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń kọ nọ́ńbà Unicode sínú fáìlì), ojú kan náà ni wọ́n sì ní lórí gíláàsì, ṣùgbọ́n bááìtì wọn kò jọra. Láíbìrì tó bá gbà orúkọ fáìlì, tó wá gbìyànjú láti "tún un ṣe" kó tó ṣí i, yóò sọ pé Ọ̀ṣun kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe fún yín ní orúkọ ni kí ẹ ṣe lò ó. Lórí Windows, fopen lásán, function tí C fi ń ṣí fáìlì, kì í sábà mọ UTF-8, _wfopen ni kí ẹ pè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ba fáìlì jẹ́. Ẹ fi head -c gé e láàárín, ẹ yí bááìtì díẹ̀ padà ní orí rẹ̀, ẹ kọ sí i pé fífẹ̀ àwòrán jẹ́ òdo. Láíbìrì fídíò ń jẹ ohun tí àjèjì sè, ibẹ̀ sì ni olè ń gbà wọlé: ní 2015, àléébù Stagefright tó wà nínú láíbìrì fídíò Android jẹ́ kí ẹni tó fi fídíò kan ránṣẹ́ lè gba inú fóònù ẹlòmíràn, ní 2023, libwebp tí àwọn bíráwúsà ń lò fún àwòrán ní tirẹ̀. Ẹ fi -fsanitize=address,undefined, tó ń ké síta bí kóòdù bá kọjá ààyè rẹ̀ nínú mẹ́mórì, compile ẹ̀dà ìdánwò, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ àwọn fáìlì bíbàjẹ́ náà ní gbogbo òru tí iná bá wà. Alpha lè kọ̀ láti ṣí fáìlì, ìyẹn kò burú. Kò gbọdọ̀ kọ nǹkan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mórì.

Tí ẹ bá lè rí owó fóònù tòkunbọ̀ kan ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ra èyí tó jẹ́ bíìtì 32. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá láíbìrì yín lè ka fáìlì tó ju gígábáìtì mẹ́rin lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́ ọ

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, libgangan ń compile wẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan ní Ṣùúrùlérè tó ti ń kọ kóòdù kí n tó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Àbúrò, ohun tí o ní kí n tẹ̀ náà ni mo tẹ̀. Ó ní òun kò rí opus.h."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi libopus-dev sí i?"

"Níbo lo kọ ọ́ sí pé kí n fi í sí i?"

N kò kọ ọ́ síbi kankan. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ mi láti ọdún tó kọjá, mo sì ti gbàgbé. Nítorí náà, ẹ wá ẹ̀rọ tí kò tíì rí iṣẹ́ yín rí, ì báà jẹ́ Debian tuntun nínú container (bí ẹ̀rọ kékeré tó dá dúró nínú ẹ̀rọ yín), kí ẹ tẹ̀ lé README yín, fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà, ní ìlà kọ̀ọ̀kan láìfi ohun tí ẹ mọ̀ kún un. Ohunkóhun tó bá di pé ẹ fi ọgbọ́n orí yanjú, ẹ lọ kọ ọ́ sínú README. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Èyí le ju kóòdù kíkọ lọ.

Inú README náà ni ẹ ó ti sọ òótọ́. Kí ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ jẹ́ ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìparí ìwé níbi tí ojú kò ní dé. Tiwa kà báyìí: kò tíì lè fò sí àárín fáìlì MPEG-1, kò tíì lè lo thread méjì lórí fáìlì kan, gbogbo function lè yí padà ní alpha tó ń bọ̀, ẹ má ṣe fi í sínú áàpù tí ẹ ń tà.

Nọ́ńbà, tag àti àpò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lábẹ́ ìlànà Semantic Versioning, ẹ̀dà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ òdo ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ohunkóhun lè yí padà nígbàkígbà. Ẹ kọ ọ́ ní 0.1.0-alpha.1, kí ẹ má sì gbàgbé àmì ìdánudúró tó wà láàárín alpha àti 1. Bí ẹ bá kọ alpha1, alpha2, ní ọjọ́ tí ẹ bá dé alpha10, ìlànà náà yóò tò ó bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí nọ́ńbà, yóò sì gbà pé alpha10 ṣáájú alpha2. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀dà náà sí CHANGELOG, kí ẹ tó wá tẹ àwọn wọ̀nyí:

git tag -s v0.1.0-alpha.1 -m "libgangan 0.1.0-alpha.1"
git archive --format=tar.gz --prefix=libgangan-0.1.0-alpha.1/ -o libgangan-0.1.0-alpha.1.tar.gz v0.1.0-alpha.1
sha256sum libgangan-0.1.0-alpha.1.tar.gz > libgangan-0.1.0-alpha.1.tar.gz.sha256
gpg --armor --detach-sign libgangan-0.1.0-alpha.1.tar.gz

Àmì -s ń béèrè kọ́kọ́rọ́ GPG yín, èyí tí ẹ fi ń fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ yín ni. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ní i, kí ẹ sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn. Ẹ wo bí àpò náà ti tóbi tó. Àpò wa àkọ́kọ́ wúwo nítorí ìdajì wákàtí ìlù tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ owó dátà lọ́rùn ẹni tó kàn fẹ́ wo header. A yọ ìlù gígùn náà sínú àpò ọ̀tọ̀, a fi èyí tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ ìgbéjáde

Ẹ má ṣe é ní alẹ́ Jímọ̀ tí gbogbo yín fẹ́ lọ òde. Ẹ rí i pé láptọ́ọ̀pù kún, kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì ní dátà láti ilé-iṣẹ́ fóònù méjì, nítorí pé àpò tó dá sí ìdajì ọ̀nà burú ju èyí tí kò lọ rárá. Nígbà tí àpò bá ti wà lókè, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ọ̀kan nínú yín lo fóònù tirẹ̀ láti gbà á sílẹ̀ bí àlejò, kó fi sha256sum -c yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bááìtì kankan kò yí padà, kó compile rẹ̀, kó sì fi í lu agogo.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí ẹ ti kéde, ẹ má ṣe rọra pààrọ̀ àpò náà lábẹ́ nọ́ńbà kan náà, ì báà jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló ti lò níta. Ẹni méjì yóò wá ní ohun méjì tó yàtọ̀ lọ́wọ́ tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan, àmì sha256 tí ẹ kọ sílẹ̀ kò sì ní bá ti ẹnì kan mu. Ẹ gbé alpha.2 jáde. Nọ́ńbà kì í tán.

Fún ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá, ohun mẹ́rin ni kí ẹ béèrè: nọ́ńbà ẹ̀dà, irú ẹ̀rọ, àṣẹ tó tẹ̀ gẹ́lẹ́, àti fáìlì tó bà á jẹ́ tàbí bááìtì 4,096 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ bí kò bá lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ láti sọ pé ẹ ti rí i. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá ba láíbìrì yín jẹ́ ni kí ẹ fi kún fódà ìdánwò, bí ẹni tó ni ín bá gbà.

Àwa gbé alpha mẹ́fà jáde. Títí dé ẹ̀kẹrin ni header ń yí padà. Nígbà tí ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà jáde láìjẹ́ pé ìlà kan yí nínú rẹ̀, ni a tó kọ beta.1, orúkọ ìpele tó tẹ̀ lé alpha, sórí èyí tó tẹ̀ lé e.